Àyẹ̀wò Mẹ́ta, Ojú Ìyá Kan

Irọ́ kan ṣoṣo ni mo pa fún ìyá mi láyé yìí. Àwọn yòókù, àsọdùn ni.

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin gbéyàwó ni mo pa á. Nígbà yẹn, awọ funfun ti bo ẹyinjú Màmá méjèèjì, débi pé bí erin bá jókòó síwájú wọn, wọ́n á béèrè ta ló gbé kọ́bọ́ọ̀dù síbẹ̀. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó náà wọ́n fà mí mọ́ra, wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, báwo ni ìyàwó yìí ṣe rí?"

Ẹnu ń yún mi. Mo ní, "Màmá, ẹ ṣáà máa gbàdúrà. Etí rẹ̀ tó ìrọ̀rí àga. Eyín mẹ́ta ló wà níwájú ẹnu rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì kọjú síbi tó wù ú. Tó bá rẹ́rìn-ín báyìí, àwọn ọmọdé á sá wọlé."

Mo fẹ́ ka ení, èjì, kí n tó sọ pé àwàdà ni. N kò tíì ka ení tán tí Màmá fi bú sẹ́kún. "Áà, ọmọ mi ọkùnrin! Ó mà láàánú o! Ó rí gbogbo èyí, ó ṣì fẹ́ ẹ!" Àwọn èèyàn rò pé ẹkún ayọ̀ ni, gbogbo gbọ̀ngàn ń pàtẹ́wọ́. Ẹ̀yin náà ẹ sọ ọ́, ta ló máa dìde láàárín irú àtẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀ láti sọ pé àwàdà ni?

Ká sọ tòótọ́, ìyàwó wa yìí rẹwà débi pé tó bá ń kọjá lójú títì, iná tó ń darí ọkọ̀ á gbàgbé àwọ̀ tó yẹ kó tàn. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bó bá ti kúnlẹ̀ kí Màmá, Màmá á di ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n á mí kanlẹ̀, wọ́n á ní, "Má banú jẹ́, ọmọ mi. Ọlọ́run tó ṣe é bẹ́ẹ̀ ló mọ ìdí." Ìyàwó wa kò sì tíì bímọ. Ibẹ̀ ló rò pé Màmá ń bá lọ. Á wọ kíṣìnì, á ṣí omi ẹ̀rọ kó máa hó yàà, kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́ ẹkún rẹ̀. Mo gbọ́ ọ. Mo gbọ́ ọ ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ, mo sì ń sọ fún ara mi pé lọ́la ni màá là á. Lọ́la mi yẹn gùn tó ẹgbẹ̀rún ọjọ́.

Àfi bí dókítà ojú ṣe ní òun lè bó awọ náà kúrò. Wọ́n á ṣiṣẹ́ ọ̀hún lọ́jọ́ Ọjọ́rú, wọ́n á tú báńdéèjì lọ́jọ́ Ẹtì ní aago mẹ́wàá àárọ̀. Màmá gbé òfin tiwọn kalẹ̀: "Tí kò bá sí ará ilé mi níwájú mi, n kò ní la ojú fún ẹnikẹ́ni. Màá dì í pa títí màá fi kú." Ọsibítù náà gbé tiwọn kalẹ̀: nítorí kòrónà, ẹnì kan péré ló lè wọlé, onítọ̀hún sì gbọ́dọ̀ mú ìwé èsì àyẹ̀wò dání.

Ẹ ti rí ibi tí ọ̀ràn mi dé. Tó bá jẹ́ èmi ni ẹnì kan yẹn, kí ojú tó là tán ni màá ti dọ̀bálẹ̀, màá jẹ́wọ́ sí Màmá létí, wọ́n á gbá mi lójú, ó parí. Tí kò bá jẹ́ èmi, ojú tuntun á délé, á bá ìyàwó wa pẹ̀lú etí rẹ̀ kékeré méjèèjì, mo gbé nìyẹn.

Iṣẹ́ àga la ń ṣe nídìílé wa, èyí tó rọ̀, tí èèyàn ń rì sínú rẹ̀. Bọ̀ọ̀dá Fojúwọ̀n, ẹ̀gbọ́n mi, ló ń gé pákó. Àǹtí Kíá, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ló ń ran ìbòrí. Èmi ni mo ń gé fóòmù, tí mo ń fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Bàbá wa tó ti lọ fi òfin kan sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù: ẹni tó bá béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ oníbàárà, kó kó irinṣẹ́ rẹ̀ kó máa lọ ilé. A kì í béèrè gígùn. A kì í béèrè fífẹ̀. A máa ń fi ojú wọ̀n ọ́n ni, ìyẹn ló bí orúkọ Bọ̀ọ̀dá. Lọ́dún kan a gbé àga lọ fún oníbàárà, kò gba ẹnu ọ̀nà wọlé. A wo ilé náà lókè nílẹ̀, a mi orí, a sọ fún un pé ẹni tó kọ́ ilé rẹ̀ rẹ́ ẹ jẹ.

Nítorí náà, nígbà tí nọ́ọ̀sì pè láti ọsibítù, tó ní, "Irú àyẹ̀wò tí a fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe ni," Àǹtí Kíá, tí kì í jẹ́ kí èèyàn sọ̀rọ̀ tán, ti dáhùn pé, "A ti gbọ́, ẹ ṣé o!" Ó sì ti gé fóònù.

"Irú èwo ni wọ́n ní?" mo bi í.

"Àyẹ̀wò kòrónà. Irú mélòó ló fẹ́ wà?"

Irú mẹ́ta ló wà. Lọ́jọ́ Ọjọ́rú, bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ ojú Màmá lọ́wọ́, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró ní gbọ̀ngàn àyẹ̀wò, tábìlì mẹ́ta wà níwájú wa, obìnrin kan tó fi rọ́bà bora láti orí dé ọmọ ìka ẹsẹ̀ sì jókòó síbẹ̀ bí ẹrù tí wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́ sókè òkun.

"Ẹ káàárọ̀ o. Èwo lẹ fẹ́ ṣe?"

"Kí lẹ ní?" Bọ̀ọ̀dá dáhùn, bí ìgbà tó lọ ra fóòmù.

"Ní tábìlì kìíní, a ó ki òwú bọ imú yín, èsì á dé ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ní ìkejì, a ó ki í bọ imú àti ọ̀fun, a ó gbé e lọ sí láàbù, èsì á dé lọ́la. Ní ìkẹta, a ó fa ẹ̀jẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní ohun tó ń wá. Èwo ni wọ́n ní kẹ́ ẹ mú wá?"

Bọ̀ọ̀dá fa ìbòmú rẹ̀ sókè bí ẹni tó fẹ́ fi bo ìtìjú. "Madam, ṣé a jọ ẹni tí kò mọ ohun tó wá ṣe ni?"

"N kò sọ bẹ́ẹ̀, sà. Mo kàn ní kẹ́ ẹ pe àwọn tó ní kẹ́ ẹ wá, kẹ́ ẹ bi wọ́n. Kò gba ìṣẹ́jú kan."

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò ó bí ẹni tó ní ká bọ́ṣọ sílẹ̀ ká máa jó. Ká bi wọ́n? A fà sẹ́yìn lọ ṣèpàdé nídìí ògiri.

"Ẹ̀jẹ̀ ni," Bọ̀ọ̀dá ní. "Ẹ wo òwú yẹn bó ṣe rí tín-ín-rín. Irú fóòmù tí èèyàn á jókòó lé lẹ́ẹ̀kan tí á ti tẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ kì í tẹ̀. Kò síbi tí ẹ̀jẹ̀ kì í dé lára, títí kan gìgísẹ̀. Imú ńkọ́? Ibo ni imú ti lọ rí?"

"Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún!" Àǹtí Kíá ti ń rìn lọ sí tábìlì kìíní bó ṣe ń sọ̀rọ̀. "Kí ẹ̀yin tó jiyàn tán, mo ti gba ìwé, mo ti dé ọ̀dọ̀ Màmá, mo ti ń bá wọn ge èékánná."

Èmi ronú tèmi jinlẹ̀. Mo ka kíláàsì mẹ́rin, n kò kàwé lásán. Tábìlì kìíní, ihò kan ni wọ́n ń wò. Tábìlì ìkejì, ihò méjì. Ẹ̀jẹ̀, kò sí ihò kankan àfi èyí tí àwọn fúnra wọn bá lu. Ẹni tó yẹ ihò méjì wò ti ju ẹni tó yẹ ẹyọ kan wò lọ. Mo yan láàbù, mo sì rẹ́rìn-ín sínú, torí mo mọ̀ pé mo ti fi ìṣirò na àwọn méjèèjì.

Obìnrin onírọ́bà náà ki igi olówùú yẹn bọ imú mi títí mo fi rántí àwọn gbèsè tí mo jẹ ní kíláàsì kejì. Ó yí i lẹ́ẹ̀kan, mo rí àwọn ìràwọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ lórúkọ. Ó fà á yọ, ó ki òmíràn bọ ọ̀fun mi, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ oúnjẹ tí ìyá mi fi já mi lẹ́nu ọmú. Nídìí tábìlì ìkẹta, Bọ̀ọ̀dá rí abẹ́rẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe Bàbá wa.

Èsì Àǹtí dé: kò sí. Ó fi ìwé náà fẹ́ra bí ayaba. Ìwé Bọ̀ọ̀dá náà dé: wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn ọmọ ogun ara tó ti bá kòrónà jà wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bọ̀ọ̀dá kà á lẹ́ẹ̀mẹta, àyà rẹ̀ wú títí bọ́tìnnì kan fi já. "Ẹ wá wò ó! Mo ní ọmọ ogun nínú!" Láti ibẹ̀ dé ṣọ́ọ̀bù, bí sójà ló ṣe ń rìn.

Ní ṣọ́ọ̀bù, mo ṣí gọ́ọ̀mù. Láti ọjọ́ Ajé ni gọ́ọ̀mù náà kò ti rùn mọ́. Gọ́ọ̀mù tí a ń lò, tó bá ń rùn, ẹyẹ tó ń fò kọjá lórí òrùlé á yí padà! Mo pe ẹni tó tà á fún wa. "Oníjìbìtì! Omi lo rọ sínú agolo fún mi!" Ọkùnrin náà búra. Mo bú baba rẹ̀. Ó tún búra. Mo bú agolo. Àǹtí Kíá, tó jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ń nu omi ojú, ó ní, "Bo nǹkan yẹn, ó ń ta mí lójú." Mo ní, "Ẹ má gbè sẹ́yìn olè, Àǹtí."

Nírọ̀lẹ́, Bọ̀ọ̀dá ròyìn gọ́ọ̀mù tí kò rùn fún ìyàwó rẹ̀. Iléeṣẹ́ omi ni ìyàwó wa ti ń ṣiṣẹ́, òun ló ń gbé fóònù àwọn tí omi wọn kò yọ. Àtàárọ̀ ló ti ń béèrè: láti ìgbà wo ni? Ó mọ́ àbí kò mọ́? Ó ń rùn àbí kò rùn? Ó wo ọkọ rẹ̀, ó ní, "Gọ́ọ̀mù náà kò rùn fún ta?" Bọ̀ọ̀dá ní fún èmi ni. Ìyàwó wa wọ yàrá, ó ju ìrọ̀rí kan àti aṣọ ìbora kan síta, ó ti ilẹ̀kùn. Láti ọjọ́ náà ni Bọ̀ọ̀dá àti àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ti ń sùn ní pálọ̀.

Lọ́jọ́bọ̀, fóònù mi dún.

"Sà, èsì àyẹ̀wò yín ti dé. Kòrónà wà."

"Níbo?"

"Lára yín, sà."

"Rárá o. Ẹ tún un wò. Ihò méjì lẹ wò lára mi."

"Nínú méjèèjì ló wà, sà. Ṣé imú yín ń gbóòórùn nǹkan?"

Mo wo agolo gọ́ọ̀mù. Agolo náà wò mí. Mo ṣí i, mo gbé e dé imú, mo fà á débi tí ẹnu rẹ̀ fi lẹ̀ mọ́ mi nímú. Kò sí nǹkan kan.

"Ẹ wọlé, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ má jáde títí a ó fi pè yín," ni wọ́n wí. Bí mo ṣe di ẹlẹ́wọ̀n yàrá kan nìyẹn, ojú Màmá kù díẹ̀ kó là, irọ́ mi sì wà níta tó ń rìn kiri láìsí olùṣọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì mo pe Bọ̀ọ̀dá, mo ní kó jẹ́ kí fóònù wà ní ṣíṣí kí n lè máa gbọ́. Ẹnu ọ̀nà ọsibítù ni òun àti Àǹtí wà, pẹ̀lú ìwé wọn. Mo ti pinnu pé ẹnikẹ́ni tó bá wọlé nínú wọn, màá bẹ̀ ẹ́ kó fún Màmá ní fóònù kí n lè jẹ́wọ́ kí wọ́n tó tú báńdéèjì.

Àǹtí Kíá na ìwé tirẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà wò ó, ó dá a padà. "Ti láàbù la fẹ́, ma. Eléyìí kì í ṣe ti láàbù."

"Ìwé kì í ṣe ìwé ni? Wò ó, kò sí! Wọ́n ní kò sí!"

"Mo rí i, ma. Ẹ bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan."

Bọ̀ọ̀dá wú ikọ́ sójà, ó na tirẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ náà kà á, ó tún un kà. "Sà, ìwé yìí ń sọ pé kòrónà ti ṣe yín rí. Kò sọ pé kò ṣe yín lónìí."

"Ọmọ ogun wà nínú mi!"

"Ẹ kó gbogbo wọn dúró síta, sà."

Aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nọ́ọ̀sì kan yọrí láti ojú fèrèsé: Màmá ti ń béèrè ará ilé wọn, wọ́n sì ti fi ọwọ́ méjèèjì bo báńdéèjì, wọ́n ní ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, àwọn á gé e jẹ. Dókítà ní tí ojú náà kò bá là láàárọ̀ yìí kóun yẹ̀ ẹ́ wò, òun kò lè sọ ohun tó lè bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ibẹ̀. Mo gbọ́ tí Àǹtí bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, kíákíá náà ni.

Bẹ́ẹ̀ ni mo gbọ́ ohùn kan: "Ẹ kú ìdúró o." Ìyàwó wa ni. Ó tọrọ àyè níbi iṣẹ́. Ó fún ẹ̀ṣọ́ ní àpòòwé kan.

"Ti láàbù. Àná ló jáde. Kò sí," ẹ̀ṣọ́ kà á sókè. "Ẹ wọlé, ma."

"Ta ló sọ fún ẹ pé ti láàbù ni?" Bọ̀ọ̀dá kígbe.

"Mo pè wọ́n lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Mo bi wọ́n."

"O bi wọ́n?" Bó ṣe sọ ọ́, ẹ ó rò pé ìyàwó rẹ̀ ní òun ja báńkì lólè.

Mo kígbe sínú fóònù: "Bọ̀ọ̀dá! Ẹ má jẹ́ kó wọlé!"

"Kí ló dé?"

Kí ni mo fẹ́ wí? "Ẹ fún un ní fóònù."

Ó gbà á. "Apanilẹ́rìn-ín, ara yín ńkọ́?" Orúkọ tó fi ń pè mí láti ọjọ́ tó ti wọlé wa nìyẹn.

"Ìyàwó wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bọ́ ìbòmú yín níbẹ̀ o. Ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni ìbáà sọ."

"Ẹ ṣé é. Ẹ mà nífẹ̀ẹ́ mi o." Ó wí i tọkàntọkàn. Ó gún mi bí abẹ́rẹ́ tí a fi ń ran awọ.

"Ìyàwó wa, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo—"

"Mo ti dé yàrá wọn. Ẹ dúró, màá gbé e sórí ìbùsùn kẹ́ ẹ lè gbọ́."

Mo gbọ́ ẹsẹ̀, mo gbọ́ "Ẹ káàárọ̀, Màmá," mo gbọ́ tí dókítà ń tú báńdéèjì. Ó gùn bí ẹni tó ń tú okùn ọkọ̀ ojú omi.

"Mo rí fèrèsé," Màmá wí. "Mo rí ọwọ́ mi. Ó mà ti gbó o! Dókítà, ẹ ò fá irùngbọ̀n yín dáadáa." Gbogbo yàrá rẹ́rìn-ín. "Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Màmá. Ìyàwó yín."

"Ìyàwó èwo?"

"Ìyàwó ọmọ yín, Màmá. Ẹyọ kan ṣoṣo lẹ ní."

"Bọ́ nǹkan ẹnu yẹn kúrò."

Dókítà ní kó lọ dúró nídìí fèrèsé tó ṣí, kó bọ́ ọ fún ìṣẹ́jú kan péré. Mo pariwo, "Ẹ má bọ́ ọ!" Ẹnikẹ́ni kò gbọ́, àfi onílé tí mo ń gbé ilé rẹ̀, tó kan ògiri pé kí n má da òun láàmú.

"Gbé irun kúrò, jẹ́ n rí etí."

"Etí, Màmá?"

"Yí èkejì síbí. Ya ẹnu." Wọ́n ń kà á: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún. Ohùn wọn ga sókè. "Ó pé! Dókítà, ẹ wò ó, eyín rẹ̀ pé, ó tò! Áà! Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń gbààwẹ̀ nítorí etí ọmọ yìí!"

Ìyàwó wa ní, "Màmá, nígbà tẹ́ ẹ bá ní kí n má banú jẹ́, pé Ọlọ́run mọ ìdí tó fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Etí lẹ ń sọ?"

"Etí àti eyín. Kí ni ì bá tún jẹ́?"

"Ta ló sọ fún yín pé bí mo ṣe rí nìyẹn?"

Màmá dárúkọ mi. Wọn kò fi bò rárá. Wọ́n fi orúkọ baba mi kún un.

Mo gbọ́ tí fóònù gbéra lórí ìbùsùn. Mo dá èémí dúró, bóyá á rò pé kòrónà ti parí iṣẹ́.

"Apanilẹ́rìn-ín."

"Ìyàwó wa."

"Mo ń gbọ́ bẹ́ ẹ ṣe ń mí."

"Ẹ má bínú. Àwàdà ni mo fi—"

"Ẹkún tí mo sun ní kíṣìnì fún ọdún mẹ́ta, àwàdà ni?"

"Rárá, kì í ṣe àwàdà." Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo sọ bẹ́ẹ̀ láyé mi nìyẹn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

"Ta ló ń gbé oúnjẹ wá síwájú ilẹ̀kùn yín láti àná?"

"Ẹ̀yin ni."

"Àǹtí ń sá fún kòrónà yín. Ẹ̀gbọ́n yín kò mọ bí wọ́n ṣe ń tan iná kíṣìnì. Ṣé ó tún kù ẹlòmíì?"

"Kò kù."

"Ẹ kú ebi o," ó wí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń kí èèyàn kú iṣẹ́. Ó gé fóònù.

Aago méjì ti lù báyìí. Mo ti ṣí ilẹ̀kùn wò lẹ́ẹ̀mẹfà, ilẹ̀ ibẹ̀ mọ́ bí ẹnu awo tí ajá lá. Onílé mi ń din nǹkan ní òdìkejì ògiri. Mo mọ̀ pé ó ń din nǹkan torí mo ń gbọ́ bí epo ṣe ń ta ṣàà-ṣàà. Òórùn rẹ̀, kò dé ọ̀dọ̀ mi.